Bọ́ọ̀lù Irin Inú Fúláíwíìlì: Bí A Ṣe Ń Ṣe Táímìn Ẹ́ńjìnnì Tírọ́ọ̀kù Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ táímìn la fẹ́ sọ lónìí, ìyẹn ìgbà tó yẹ kí púlọ́ọ̀gì ta iná nínú sìlíńdà. Ẹ mú ìwé àti gègé sítòsí, nítorí àwọn nọ́ńbà kan wà tí mo máa pè, màá sì pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi etí nìkan ṣe táímìn. Wọ́n á tú nọ́ọ̀tì ìdí dìsìtíríbútọ̀ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, wọ́n á máa yí i síwá sẹ́yìn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú kan. Ibi tí ẹ́ńjìnnì bá ti yára jù, tí ohùn rẹ̀ bá sì ti dùn jù létí, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dè é. Ọlọ́kọ̀ á sanwó, á sì máa lọ. Mi ò fara mọ́ ọ̀nà yìí rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbé ẹrù kankan, tó kàn ń sílò níwájú ṣọ́ọ̀bù, fẹ́ràn kí iná tètè ta gan-an. Bí ẹ bá ṣe ń mú iná rẹ̀ ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yára sí i, tí ohùn rẹ̀ á máa dùn sí i, títí yóò fi kọjá ibi tó bójú mu fún ọkọ̀ tó di ẹrù gun òkè. Etí ń gbọ́ òótọ́, àmọ́ òótọ́ ojú kan ni, kì í ṣe òótọ́ ojú títì. Àmì tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì fi sára rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Etí ní ipò tirẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìkẹyìn ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ inú sìlíńdà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni písítìn ń rìn kí iṣẹ́ kan tó parí níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ wálẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ó padà sókè, fáàfù méjèèjì ti pa dé, ó fún àpòpọ̀ náà pọ̀ mọ́ra. Iná ta, ó ti písítìn wálẹ̀ tagbáratagbára. Ìrìn kẹta yìí nìkan ló ń mú agbára wá. Lẹ́yìn náà ni písítìn tún gòkè láti lé èéfín jáde gba sàlẹ́ńsà. Nikolaus Otto, ará Jámánì, ló ṣe ẹ́ńjìnnì tó ń rìn báyìí lọ́dún 1876, ìrìn mẹ́rin yẹn náà ló sì wà nínú gbogbo lọ́rì elépo bẹntiróòlù tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ìgbà tí písítìn bá dé góńgó òkè gan-an ló yẹ kí iná ta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnu púlọ́ọ̀gì ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa ràn lọ títí dé ògiri sìlíńdà, kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá tí písítìn ń yí, kò sì ní í dúró dè é. Bí a bá dúró kí písítìn dé òkè ká tó ta iná, písítìn á ti máa sá lọ sísàlẹ̀ kí agbára iná náà tó bá a, ooru tó yẹ kó yí táyà á sì bá sàlẹ́ńsà jáde lọ dànù. Nítorí náà la ṣe ń ta á ṣáájú, kí agbára rẹ̀ lè kún nígbà tí písítìn bá ti kọjá òkè díẹ̀.

Ẹ wo àwọn ìyá méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọmọ odó ẹnìkejì bá tètè sọ̀kalẹ̀, yóò pàdé ti ẹnìkínní lọ́nà, ọwọ́ á sì dun àwọn méjèèjì. Bó bá pẹ́ jù, iyán á ní kókó. Iná tó tètè ta jù ń pàdé písítìn nígbà tí písítìn ṣì ń gòkè bọ̀, ó ń tì í padà síbi tó ti ń bọ̀. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ìyókù epo tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á gbóná, á fún pọ̀ ju bó ṣe lè mọ́ra lọ, á sì bú gbàmù fúnra rẹ̀. Ìró ìbúgbàmù kékeré yẹn lẹ máa ń gbọ́ bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú irin, tí àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń nọ́ọ̀kì.

Dígírì la fi ń wọn ìgbà tí iná ń ta. Bí kíráńkì bá yí po lẹ́ẹ̀kan, dígírì 360 ló yí. Bí mo bá sọ pé iná ta ní dígírì 5 ṣáájú òkè, ohun tí mò ń sọ ni pé ó ku dígírì 5 kí písítìn dé góńgó. Ẹ wá wo bí eré ẹ́ńjìnnì ṣe ń da ọ̀rọ̀ yìí rú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 500 láàárín ìṣẹ́jú kan, dígírì kan ń gba ìdá kan nínú 3,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá ń yí ní ìgbà 3,000, dígírì kan náà kò gbà ju ìdá kan nínú 18,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Mo tún un pè: ìdá kan nínú 3,000, àti ìdá kan nínú 18,000. Àyè tí iná ní ti dín kù ní ìlọ́po mẹ́fà, iná fúnra rẹ̀ kò sì lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná fi gbọ́dọ̀ máa ṣáájú sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ó lè tó dígírì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré.

Nínú ọkọ̀ Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 di 1927, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí. Ọ̀pá kékeré kan wà lápá òsì lábẹ́ sítíárì tó fi ń mú iná ṣáájú tàbí tó fi ń dá a padà. Ẹni tó bá gbàgbé láti dá a padà kó tó fi hándù yí ẹ́ńjìnnì, hándù lè gbá a padà kó sì ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Charles Kettering, ní ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò bátìrì, kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì tí Cadillac lò nínú ọkọ̀ wọn ti ọdún 1910. Ètò yẹn ló gba gbogbo ayé kan fún ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ló sì wà nínú lọ́rì tó wà níwájú yín. Ní ti mímú iná ṣáájú, ohun méjì tó wà lára dìsìtíríbútọ̀ ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ awakọ̀. Èkíní ni òkúta irin kéékèèké méjì tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń ti iná síwájú. Èkejì ni fákúọ̀mù, tó ń lo fífà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì láti mú iná ṣáájú nígbà tí awakọ̀ kò bá tẹ tọ́tù púpọ̀. Iṣẹ́ tiwa kò ju pé ká fún àwọn méjèèjì ní ibi tó tọ́ tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ́ńjìnnì kan pàtó. Mo yan Chevrolet oní-sìlíńdà mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní 235. Nọ́ńbà yìí ni ìwọ̀n àyè inú rẹ̀ ní ínǹṣì kúbíìkì, ó sì sún mọ́ lítà mẹ́rin. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú àwọn tírọ́ọ̀kù ńlá Chevrolet lọ́dún 1941, ó sì wà níbẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Òun náà ni wọ́n gbé sínú Corvette àkọ́kọ́ lọ́dún 1953, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ eré sísá ni ìyẹn. Kí ló wá kàn wá ní ilẹ̀ Yorùbá? General Motors tó ni Chevrolet ra ilé iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1925. Nílùú Luton níbẹ̀, tírọ́ọ̀kù Chevrolet ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò, kí wọ́n tó gbé Bedford jáde lọ́dún 1931, ara ẹ́ńjìnnì Chevrolet ni wọ́n sì ti yọ ti Bedford. Bedford yìí kan náà ni àwọn káfíńtà wa kan pákó sí lẹ́yìn, tó di bọ́lẹ̀kájà, tó kó kòkó, iṣu, àtèrò àti ewúrẹ́ láti Oǹdó dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Èkó. Mọ̀lẹ́bí ni àwọn méjèèjì. Ìlànà tí mo máa sọ bá àwọn méjèèjì mu, ibi tí àmì wà lè yàtọ̀, ìyẹn ni kí ẹ wò lára ẹ́ńjìnnì tiyín.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan táímìn rárá, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí dìsìtíríbútọ̀ kí ẹ wo kọ́ńtáàtì. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé jù. Kọ́ńtáàtì ni irin kékeré méjì tó ń fẹnu kanra, tó sì ń yà. Nígbà tí wọ́n bá fẹnu kanra, kọ́ìlì ń gba iná bátìrì sára. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá yà gan-an ni kọ́ìlì ń tú iná ńlá sí púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìgbà tí wọ́n bá yà ni iná ń ta, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá pàdé.

Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí ara kọ́ńtáàtì fi gun orí igun ọ̀pá dìsìtíríbútọ̀, níbi tí ẹnu wọn ti là jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi fílà géèjì wọ̀n ọ́n. Fún ẹ́ńjìnnì yìí, àlàfo náà wà láàárín mìlímítà 0.4 sí 0.5. Mo tún un pè: mìlímítà 0.4 sí 0.5. Kọ́ńtáàtì tuntun ni kí ẹ jẹ́ kó sún mọ́ 0.5, nítorí yóò jẹ díẹ̀. Bí ojú kọ́ńtáàtì bá ti jó, tí ẹ̀gbẹ́ kan ga bí òkìtì tí ìkejì sì jìn, ẹ má fi sáńdípépà pa á kí ẹ sì máa lò ó lọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà mọ́ ọn, torí òun ló sábà máa ń fa jíjó yẹn. Ayédèrú ẹ̀yà ọkọ̀ pọ̀ lọ́jà. Bí ẹ bá lọ sí Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Géètì n'Íbàdàn, ẹ wo bóyá ẹnu kọ́ńtáàtì méjèèjì dojú kọra dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ìdí tí àlàfo fi gbọ́dọ̀ ṣáájú táímìn ni pé àlàfo fúnra rẹ̀ ń yí táímìn. Bí ẹnu kọ́ńtáàtì bá là jù, igun ọ̀pá á tètè kàn án, iná á sì tètè ta. Bó bá há jù, iná á pẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe táímìn, tó wá padà tún àlàfo kọ́ńtáàtì ṣe, ti ba iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́. Èyí náà ló sì ṣàlàyé ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń rí tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí kò ní agbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mi ò sì mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀." Kò ní ọjọ́ kan pàtó. Ìdí kọ́ńtáàtì tó ń fara ra igun ọ̀pá ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo ń há, iná ń pẹ́ sí i, ọkọ̀ ń rẹ̀ sí i. Ọ̀rá gíríìsì díẹ̀ bíńtín lára igun ọ̀pá náà á dín jíjẹ yẹn kù. Bíńtín ni mo wí o, torí bó bá pọ̀, yóò ta sójú kọ́ńtáàtì, ọkọ̀ kò sì ní í sitáàtì.

Ó kan wíwá àmì. Ẹ fi òkúta di táyà, ẹ fa hándíbíréèkì, kí jíà wà ní níútírà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́ láti fọwọ́ yí. Sìlíńdà kìíní ni èyí tó sún mọ́ rédíétọ̀ jù. Ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ fi àtàǹpàkò dí ojú ihò púlọ́ọ̀gì kìíní, kí ẹ wá máa yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ síhà tó máa ń yí sí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò, písítìn kìíní ń gòkè láti fún àpòpọ̀ nìyẹn. Ẹ lọ sápá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì, níbi tí sítátà wà. Fèrèsé kékeré kan wà lára ìdérí fúláíwíìlì, ìyẹn àwo irin ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lókè sítátà, atọ́ka irin kan sì wà níbẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí ẹ bá ń yí ẹ́ńjìnnì, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan tí wọ́n rì mọ́ ara fúláíwíìlì yóò yọjú, á tàn wìnrìn. Bọ́ọ̀lù yẹn ni àmì wa, dígírì 5 ṣáájú òkè ló wà. Dígírì 5 ṣáájú òkè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà U àti C á dé, ìyẹn sì ni góńgó òkè gan-an. Ẹ fi ẹfun tàbí ọ̀dà funfun kan bọ́ọ̀lù náà lórí kí ojú lè rí i dáadáa.

Mo fẹ́ràn ibi tí wọ́n fi àmì yìí sí. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó dé lẹ́yìn ìgbà náà, iwájú, lára púlì kíráńkì, ni àmì tiwọn wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn púlì yẹn ní rọ́bà láàárín, bí rọ́bà náà bá sì ti gbó, òrùka òde á yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, àmì á máa parọ́. Bọ́ọ̀lù tó wà lára fúláíwíìlì kò lè yọ̀, nítorí bóòtì ló de fúláíwíìlì mọ́ kíráńkì.

Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀ẹ̀mejì ni bọ́ọ̀lù náà máa ń kọjá kí dìsìtíríbútọ̀ tó yí po lẹ́ẹ̀kan, nítorí ìdajì eré kíráńkì ni dìsìtíríbútọ̀ ń sá. Ní ẹ̀ẹ̀kan, sìlíńdà kìíní ló ń fún àpòpọ̀. Ní ìkejì, ti ẹ̀kẹfà ni. Àtàǹpàkò ọmọ iṣẹ́ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá ṣì í mú, iná á máa ta nígbà tí fáàfù wà ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì á máa yìnbọn gba kabúrétọ̀, iná sì lè mú ọkọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́nu atọ́ka, tí afẹ́fẹ́ sì ti àtàǹpàkò, rótọ̀, apá tó ń yí lábẹ́ ìdérí dìsìtíríbútọ̀, gbọ́dọ̀ dojú kọ wáyà púlọ́ọ̀gì kìíní. Láti ibẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ìhà tí rótọ̀ ń yí sí, kí wáyà tò báyìí: 1, 5, 3, 6, 2, 4. Mo tún un pè: 1, 5, 3, 6, 2, 4. Ti Bedford oní-sìlíńdà mẹ́fà náà nìyẹn.

Ẹ wá gílóòbù kékeré kan tó bá bátìrì ọkọ̀ mu. Àwọn Chevrolet ti 1954 sẹ́yìn ń lo fóòtì 6. Láàárín ọdún 1955 ni wọ́n bọ́ sí 12. Ẹ so wáyà gílóòbù kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ dìsìtíríbútọ̀, níbi tí wáyà kọ́ìlì ti wọlé, kí ẹ fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ iná. Bí kọ́ńtáàtì bá pàdé, gílóòbù á kú. Bó bá yà, á tàn. Bí bọ́ọ̀lù ṣe wà lẹ́nu atọ́ka yẹn, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ìdí dìsìtíríbútọ̀ díẹ̀. Ẹ yí ara rẹ̀ síhà tí rótọ̀ ń yí sí títí gílóòbù fi kú. Ẹ wá dá a padà, kí ẹ yí i lòdì sí ìhà tí rótọ̀ ń yí sí, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ibi tí gílóòbù bá ti kọ́kọ́ tàn, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ dè é. Ẹ́ńjìnnì yín ti bọ́ sí dígírì 5.

Bí ẹ bá yí kíráńkì kọjá bọ́ọ̀lù, ẹ má kàn fà á padà díẹ̀ kí ẹ sọ pé ó ti tó. Ẹ fà á padà jìnnà, kí ẹ tún máa bọ̀ wá síwájú, nítorí àwọn jíà inú ẹ́ńjìnnì ní ìgbọ̀n láàárín eyín wọn, ìgbọ̀n yẹn sì lè gba dígírì kan tàbí méjì mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹnu wọn jẹ́ mìlímítà 0.9, kí ẹ sì sitáàtì ọkọ̀. Bí ìgbésẹ̀ gílóòbù bá yé yín, ẹ lè ṣe táímìn lójú ọ̀nà oko, níbi tí kò sí irinṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní iná táímìn, èyí tó ń ṣẹ́jú nígbà gbogbo tí púlọ́ọ̀gì kìíní bá ta, ẹ fi yẹ iṣẹ́ yín wò. Ẹ kó agbádá tàbí aṣọ tó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kúrò lára, ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín fún fáànù, ẹ má sì ṣe é nínú gárééjì tó pa dé, torí gáàsì kan wà nínú èéfín sàlẹ́ńsà tó ń pani láìní òórùn tí ènìyàn lè fura sí. Ẹ yọ páìpù fákúọ̀mù, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa sílò jẹ́jẹ́, ní nǹkan bí ìgbà 500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá yára ju ìyẹn lọ, àwọn òkúta irin inú dìsìtíríbútọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn, àmì á sì ṣì yín lọ́nà. Ẹ tan iná náà sí fèrèsé, bọ́ọ̀lù tó ń sáré á dà bí ẹni pé ó dúró síwájú atọ́ka. Ẹ tẹ tọ́tù díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí i tó ń yẹ̀ kúrò. Bí kò bá yẹ̀, àwọn òkúta irin náà ti dípẹtà. Bó bá ń jó síwá sẹ́yìn láìdúró, ọ̀pá dìsìtíríbútọ̀ ti gbó nínú ihò rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yí i tí táímìn á fi dúró, àfi kí ẹ tún un ṣe.

Ohun kan tún wà nínú Chevrolet yìí tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Odindi ara dìsìtíríbútọ̀ ni fákúọ̀mù ń yí. Bí gíríìsì àti eruku bá ti gan mọ́ ìdí rẹ̀, tàbí bí ẹnìkan bá ti di nọ́ọ̀tì tí kò yẹ kó dì, fákúọ̀mù á máa fà, dìsìtíríbútọ̀ kò sì ní í mira. Epo á máa lọ, ọlọ́kọ̀ á máa bínú sí kabúrétọ̀. Ẹ fọwọ́ gbá ara rẹ̀ mú kí ẹ yí i: ó gbọ́dọ̀ lọ díẹ̀, kí sípíríǹgì sì dá a padà.

A ti dé ibi tí mo ní etí ní ipò tirẹ̀. Nọ́ńbà ìwé, epo ayé ìgbà náà ni wọ́n fi kọ ọ́. Lọ́dún 1921, Thomas Midgley, tó ń bá Kettering ṣiṣẹ́ ní General Motors, rí i pé bí wọ́n bá fi òjé pò mọ́ bẹntiróòlù, ìnọ́ọ̀kì á dín kù. Májèlé ni òjé yẹn, ó sì ba ọpọlọ ọ̀pọ̀ ọmọdé jẹ́ kí ayé tó jáwọ́ níbẹ̀. Algeria ló kẹ́yìn tó dá títà rẹ̀ fún ọkọ̀ dúró, lọ́dún 2021. Epo tí ẹ ń rà lónìí yàtọ̀ sí ti 1950, ẹ́ńjìnnì tó ti gbó sì ní èédú nínú sìlíńdà rẹ̀ tó ń jẹ́ kó tètè nọ́ọ̀kì. Nítorí irú ìyàtọ̀ epo báyìí ni wọ́n ṣe fi ojú òṣùwọ̀n kékeré sí ìdí dìsìtíríbútọ̀ Chevrolet. Òdo wà láàárín. Ẹ lè sún un sápá kan kí iná ṣáájú, tàbí sápá kejì kó pẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ẹ di ẹrù sí ọkọ̀, ẹ má ṣe fi ọkọ̀ òfìfo dán an wò. Ẹ wá òkè gidi, irú èyí tó wà láàárín Erin-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, kí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa. Ẹ gùn ún ní jíà tó ga, kí ẹ sì tẹ tọ́tù. Àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ máa ń ní ìnọ́ọ̀kì díẹ̀ tó dún tó sì pòórá kò burú. Fún lọ́rì tó di ẹrù, èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Pákó ń ké, sàlẹ́ńsà ń ké, èrò ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ díẹ̀, èyí tí ẹ kò gbọ́ ti pọ̀ jù ú lọ. Ẹ dá a padà ní dígírì méjì, kí ẹ tún òkè náà gùn, títí ẹ kò fi ní í gbọ́ ohunkóhun. Ìnọ́ọ̀kì tó bá pẹ́ ń lu orí písítìn jó, ó ń fọ́ òrùka rẹ̀, ó sì ń tú gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má tìtorí èyí fi í sí ibi tó pẹ́ jù, kí ẹ sọ pé ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló rò pé pípẹ́ kò léwu. Iná tó pẹ́ ta ṣì ń jó nígbà tí fáàfù èéfín bá ṣí, ooru náà á sì gba ara fáàfù kọjá. Ẹ́ńjìnnì á máa gbóná, omi rédíétọ̀ á máa hó, ọkọ̀ á máa mu epo, fáàfù á sì jó lẹ́nu. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ rédíétọ̀ léraléra tí ọkọ̀ kò yé hó, kó lọ wo bọ́ọ̀lù irin rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ṣì ń fi hándù sitáàtì, ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ẹ kó àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, ẹ má ká a mọ́ hándù, kí ẹ sì máa fà á sókè dípò kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Bí iná bá ṣáájú jù tí ó sì gbá padà, yóò já kúrò lọ́wọ́ yín láìṣẹ́ ìka.

Bí ohun gbogbo bá ti bọ́ sípò, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti ìdí dìsìtíríbútọ̀ dé ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹ̀yin tàbí ẹlòmíràn lè mọ̀ bó bá yẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n àlàfo àti ọjọ́ sínú ìwé ọkọ̀. Bí kọ́ńtáàtì bá jẹ́ tuntun, ẹ padà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 1,000, nítorí ìgbà yẹn ló ń jẹ jù.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú púlọ́ọ̀gì la ó máa wò: èyí tó dúdú bí èédú, èyí tó funfun bí eérú, àti èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ yọ ti ọkọ̀ yín sílẹ̀ ṣáájú àkókò ètò, kí ẹ to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí wọ́n ṣe jáde, ti iwájú lọ́wọ́ òsì.